Oníkálukú Ló Fi Igi Tirẹ̀ Kún Un

Tẹ orí ba! Mo ní tẹ orí... háà, ó ti gbá ọ. Pẹ̀lẹ́, ìyá mi, pẹ̀lẹ́, gbé iwájú orí rẹ wá kí n fi ọwọ́ rà á. Igi bàbá rẹ ló gbá ọ yẹn. Má wulẹ̀ fojú burúkú wo igi, igi ò mọ nǹkan kan, bàbá rẹ ni kó o bá wí. Máa rákò bọ̀, gba apá ọ̀tún, má tíì nàró o, tó o bá nàró níbẹ̀ yẹn, igi ti agbẹ̀bí ló máa kí ọ káàbọ̀. Ẹ̀hẹ̀n. Jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Fa ẹsẹ̀ mọ́ra kí èmi náà lè ríbi fìdí lé. O ti dé yàrá rẹ, àkọ́bí mi. Káàbọ̀ sínú igbó.

Má rẹ́rìn-ín! Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣàwàdà lójú rẹ ni? Inú ń bí mi, inú ń bí mi gidi gan-an, àtàárọ̀ ni mo ti gbé e mì tí mò ń fẹ́yín sí gbogbo wọn nísàlẹ̀, mo ní kí n jẹ́ kó o sọ ẹrù kalẹ̀ ná, kó o mu omi, kí wọ́n kí ọ tán, kí n wá mú ọ gun òkè yìí, kí n sọ tẹnu mi fún ẹni tó máa gbọ́. Ṣé ò ń gbọ́ bí ìsàlẹ̀ ṣe pa lọ́lọ́? Wọ́n ń díbọ́n pé tẹlifíṣọ̀n làwọn ń wò, wọ́n sì ti yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Kí wọ́n gbọ́! Ẹ̀rù ta ló ń bà mí? Mo ní kí wọ́n gbọ́ dáadáa!

Kó o tó máa wò mí báyẹn, ìwọ gan-an lo dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àbí kì í ṣe ìwọ lo pè mí lórí fóònù, tó o ní, “Màmá, ilé ìwòsàn eyín tó wà ládùúgbò yín ti fún mi níṣẹ́, ibi tí mo wà níbí náà ò fẹ́ kí n lọ, màá wá wo yàrá yẹn ná. Tó bá gbà mí, mo ń bọ̀ wálé. Tí kò bá gbà mí, màá padà lọ́jọ́ Ajé”? Bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ohùn rẹ tutù, àfi bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà. Tó bá gbà mí, tí kò bá gbà mí! Ilé tí wọ́n bí ọ sí! Ó dùn mí wọra, àmọ́ mi ò wí nǹkan kan, mo ní ó ti dáa, ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i bá ṣe. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo wọ bàtà, mo lọ wá káfíńtà lọ.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Ilé yìí ti dákẹ́ jù látìgbà tó o ti lọ. Àwọn àbúrò rẹ ti bá ti wọn lọ, èmi, màmá àgbà àti bàbá rẹ la kù, a máa ń jókòó yíká bí àga tí wọ́n tò sílé ìtajà. Bàbá rẹ tí wọ́n ń tún fíríìjì àwọn oníbàárà ṣe, mo ti ká wọn mọ́ ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń bá fíríìjì sọ̀rọ̀, wọ́n ń bi í pé kí ló ṣe é tó fi ń sunkún. Fíríìjì o! Èmi náà wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní yàrá yìí gbọ́dọ̀ wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí rárá. Mo fẹ́ kó o padà wálé ni.

Káfíńtà náà dé. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, bó o bá mọ̀ ọ́n wàá fẹ́ràn ẹ̀, ohun tó ń dùn mí ni pé ó tún dáa jù, màá débẹ̀. Ó gun orí àjà, ó fi òòlù kan gbogbo igi òrùlé níkọ̀ọ̀kan, á kan án, á gbé etí lé e, á tún kan òmíràn. Mo dúró nísàlẹ̀, eruku ń bọ́ sí mi lórí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹni tó kan òrùlé yìí gbọ́ iṣẹ́.” Mo ní bàbá ọkọ mi ni. Ó ní kò sí ikán níbẹ̀, kò sí jíjẹrà, igi àtijọ́ ni, ó le débi pé ìṣó ń tẹ̀ lára ẹ̀. Àmọ́ ó ní páànù àti òjò nìkan ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ rí pé kó gbé bẹ́ẹ̀dì, kó gbé ìwé, kó gbé odindi èèyàn tó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ó ní àwọn igi tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ibi tá a jókòó sí yìí tinrín ju iṣẹ́ tá a fẹ́ gbé fún wọn lọ.

Ó ṣe é! Wò ó, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé ó ṣe é bó ṣe yẹ kó ṣe é. Ó ra igi tuntun tó nípọn, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó mú orí wọn jókòó lé ògiri gidi, ó lu wọ́n ní ihò já síra wọn, ó fi irin bóòtù dè wọ́n, ó fún wọn le, ti àtijọ́ àti ti tuntun wá di ọ̀kan ṣoṣo. Ó ṣàlàyé fún mi pé òrùlé tó ga báyìí a máa fẹ́ ya ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń yọ̀ nílẹ̀ tútù, ìsàlẹ̀ ibí yìí la ti máa so ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ̀ kó má baà ti ògiri sọ́tùn-ún sósì. Ó tún wá tẹ́ igi ńlá kan gba abẹ́ ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé lápá ọ̀hún, ọ̀kan lápá ibí, ó fi ògiri pákó kúkurú tì wọ́n lábẹ́, ìyẹn méjì tó o ń wò yẹn. Ó tẹ́ pákó sílẹ̀. Ó bó wọn dán. Ó parí.

Ó parí, ọmọ mi! Ó parí láìsí igi kankan láàárín yàrá! Mo gòkè wá, mo dúró síbi tí ẹsẹ̀ rẹ wà yẹn, mo na apá méjèèjì, mo yípo, mi ò kan nǹkan kan. Mo tún yípo. Mo jó! Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. A gbé bẹ́ẹ̀dì gòkè lọ́jọ́ náà gan-an, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo jókòó lé e, mo sunkún díẹ̀, mo ní yàrá yìí á gbà á, á gbà á dáadáa, kò ní í rí àwáwí kankan ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí iṣẹ́.

Ta ló ránṣẹ́ sí wọn? Mo ní ta ló ránṣẹ́ sí wọn? Iṣẹ́ tó ti parí, kí lẹ tún fẹ́ kí níbẹ̀? Màmá àgbà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn, wọ́n ní ká gbé àga àwọn síbi tí àwọn á ti máa wo òkè. A gbé e. Wọ́n ní kí káfíńtà fò sókè lórí pákó káwọn gbọ́. Àgbàlagbà ọkùnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, ó ń fò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi! Ìgbà àkọ́kọ́, kẹ́kẹ́. Ìgbà kejì, kẹ́kẹ́. Ìgbà kẹta, igi kan wá dún, kíẹ́, bẹ́ẹ̀ péré, igi tuntun ni, gbogbo igi tuntun ló máa ń ráhùn kí ara ẹ̀ tó mọ ilé. Màmá àgbà ní áà, ẹ gbé òpó síbẹ̀.

Káfíńtà kúnlẹ̀ sí ẹnu àjà, ó yọ orí, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, òpó ò ní ohun tó máa gbé níbẹ̀, gbogbo ẹrù ti wà lórí ògiri. Ṣé o mọ èsì tí wọ́n fún un? Wọ́n ní, “Ọkàn mi ni kó máa gbé.”

Ó wá kù sọ́wọ́ ẹ! Níbẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí ọkùnrin fi hàn pé ọkùnrin lòun. Ó yẹ kó sọ pé rárá mà, ẹ má bínú mà, iṣẹ́ ti parí. Ó ti o! Ó ní, “Ẹ ṣeun mà.” Ẹ ṣeun! Kí ni wọ́n fún un tó ń dúpẹ́ lé lórí? Kí n tó padà dé láti ibi tí mo ti lọ ra kọ́tìnnì, òpó ti nàró sẹ́nu ọ̀nà, òun nìyẹn, èyí tó o fi èjìká gbá nígbà tó o ń wọlé. Màmá àgbà ń rẹ́rìn-ín nínú àga. Wọ́n ní ọkàn àwọn ti balẹ̀. Tèmi ńkọ́?

Má jẹ́ kí n purọ́ o, mo fara mọ́ ọn. Mo ní kò burú, àgbà ni wọ́n, òpó kan ò lè pa wá, ọmọ mi lè máa fi aṣọ ìnura kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣí sílẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ òpó yìí ló dé etí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bàbá Onítọ́ọ̀ṣì. O ò tíì gbàgbé wọn, àbí? Àwọn tí wọ́n máa ń tan tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n á máa yẹ abẹ́ àga àwọn èèyàn wò. Wọ́n ní tí ìyá àwọn bá lè fi òpó kan sí i, àwọn tí àwọn jẹ́ àkọ́bí ò ní í káwọ́ gbera. Wọ́n gòkè wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tàn án sí gbogbo kọ̀rọ̀. Wọ́n rí ihò kòkòrò kan ṣoṣo, lára igi kan lọ́hùn-ún, ihò tí kòkòrò inú ẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí ọ, káfíńtà fi abẹ́rẹ́ gún un hàn wọ́n pé kò jìn. Wọ́n ní rárá, ibi tí ọ̀kan bá ti wọlé, ẹbí ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún àwọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á! Ni wọ́n bá ní kó fi igi méjì gba ara wọn kọjá níbẹ̀ yẹn. Níbo? Wo iwájú rẹ. Lójú fèrèsé! Fèrèsé tí mo fọwọ́ ara mi yàn, tí mo dúró ti onífèrèsé títí ó fi gbé e síbi tó ga tó, pé tí ọmọ mi bá jí kó lè máa rí òpópónà, kó máa rí orí ilé àwọn èèyàn. Oòrùn wọlé láàárọ̀ yìí, ó ti gé sí mẹ́rin bíi búrẹ́dì.

Káfíńtà ní kí ni? Wò ó, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. “Ẹ ṣeun sà.”

Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo ní gbọ́ ná, ìwọ ọmọ yìí, ta ló tọ́ ọ tí o ò fi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀? Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní ìyá òun ni, ó ní wọ́n kọ́ òun pé a kì í já àgbà níyàn lórí ilé ara ẹ̀. Mo ní bá mi kí wọn nílé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ ní àkọ́jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Bàbá rẹ wá ńkọ́? Ìyẹn ló dùn mí jù. Àwọn yòókù fọhùn, bàbá rẹ ò fọhùn. Wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń wo òrùlé láti ìta, wọ́n ń gbé ìka sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, kí ló kàn wọ́n kan atẹ́gùn? Mo jáde lọ sí ìsọ̀ ìránṣọ mi, mo padà dé, mo gòkè wá tẹ́ ìbora, nǹkan gbá mi níwájú orí, gbà! Mo ní ta nìyẹn? Igi! Igi ìdábùú, láti apá ọ̀tún dé apá òsì, ìwọ̀n iwájú orí èèyàn gẹ́lẹ́. Wọ́n ti fúnra wọn lọ rà á, wọ́n gbé e léjìká gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí n má baà rí wọn, àwọn àti káfíńtà ló jọ kàn án. Mo ní bàbá àwọn ọmọ mi, kí lèyí? Wọ́n ò wò mí lójú. Wọ́n ní tí ìjì bá dé ńkọ́, tí ọ̀tún bá ń lọ sí ọ̀tún, tí òsì ń lọ sí òsì, ta ló máa di àwọn méjèèjì mú? Mo ní káfíńtà ti so ẹsẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ nìyẹn, ta ló so èjìká? Ohùn wọn ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo lọ fi omi tútù sórí.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, mo mọ̀. Ìfẹ́ ni. Má wàásù fún mi. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, èmi ò tiẹ̀ ní òkèèrè tí mo ti lè wò ó mọ́, inú ẹ̀ ni mo jókòó sí!

Ṣé o rò pé ó tán? Agbẹ̀bí, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwo lásán ni wọ́n wá dá padà. Àwo! Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀ igi. Wọ́n bá mi lẹ́nu ìráhùn, wọ́n ní àwọn á kàn yọjú wò ó. Mo ní ẹ má yọjú. Wọ́n ti yọjú. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá ní gbogbo wa gbàgbé nǹkan kan, ọwọ́ ta ni orí ọmọ yẹn kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́jọ́ tó wáyé? Mo ní ọwọ́ yín ni. Wọ́n ní ó dáa, kò ní í jẹ́ pé gbogbo èèyàn fi igi kan dáàbò bo orí yẹn káwọn wá wà níta. Wọn ò bá wa tan o! Ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́, orúkọ wọn kọ́! Káfíńtà ti gbé igi tiwọn wọlé kí n tó rí ẹsẹ̀ wọ bàtà. Òun ló dúró gátagàta láàárín ibẹ̀ yẹn, kò gbé òkè, kò gbé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀n? Èyí tó wà lókè ìrọ̀rí? Ìyẹn... ìyẹn ni tèmi.

Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Mi ò pa á mọ́ fún ọ, ó wà ní gbangba. Tèmi nìkan ló sì ní láárí nínú gbogbo wọn, mo fẹ́ kó o mọ̀. Rò ó wò ná. Ìyá àgbà fi igi sí i, ẹ̀gbọ́n fi sí i, bàbá fi sí i, títí kan ẹni tó wá dá àwo padà, ìyá tó bí ọmọ wá nìkan ni ò ní igi kankan nínú yàrá ọmọ ẹ̀? Kí làwọn èèyàn máa wí? Kí n máa wo tiwọn lójoojúmọ́ kí n máa wí pé tèmi dà? Mo pe káfíńtà, mo ní fi ọ̀kan ṣoṣo síbẹ̀ yẹn fún mi, kékeré, kó má ga jù, kó wà níbi tí orí ẹ̀ máa wà. Ó wò mí. Mo ní má wò mí. Ó ní, “Ẹ ṣeun mà.”

Ìgbà tó kàn án tán ni mo dìde kí n fi bí mo ṣe jó lọ́jọ́ yẹn jó. Mi ò rí ibi yí sí. Mo rántí ìgbà náà pé ó ku ìwọ̀nba ọjọ́ kó o dé. Mo ní yéè, a ti fi ìfẹ́ lé ọmọ yìí jáde nílé.

Ni mo bá sáré pe ìpàdé. Gbogbo wọn jókòó nísàlẹ̀, agbẹ̀bí náà wá, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, káfíńtà sọ pé igi tóun kọ́kọ́ ṣe lábẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá àti lábẹ́ ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn tó, ó ní ó tó dáadáa, àwọn tó kù yìí ò gbé nǹkan kan, òrùlé ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó ní kò sí èyí tí òun ò lè yọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ta ló máa yọ̀ǹda tiẹ̀? Ká ní o rí ojú wọn! Oníkálukú ń wo igi ẹlòmíì. Màmá àgbà ní kí wọ́n yọ èyí tó gba ara wọn kọjá, torí ó ń dí oòrùn. Bàbá Onítọ́ọ̀ṣì ní òpó ìyá àwọn ló ń dí ọ̀nà, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ sínú tọ́ọ̀ṣì, kí ìyá wọn má baà gbọ́. Bàbá rẹ ní ti agbẹ̀bí, torí pé wọn kì í ṣe ẹbí. Agbẹ̀bí ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá dá ìwọ́ ọmọ tí àwọn gé padà fún àwọn. Mo bi káfíńtà pé kí ni tiẹ̀, ó ní òun bẹ̀ wá, ká má kó òun sáàárín, òun ò lè yọ ti àgbà kan kóun fi ti àgbà kejì sílẹ̀, ìyá òun á gbọ́.

Màmá àgbà ló fi òpin sí i. Wọ́n ní ẹni tó ni yàrá ni kó yàn. Èyí tó bá nawọ́ sí ni kí wọ́n gé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n ṣèlérí. Mi ò gbà wọ́n gbọ́, àmọ́ wọ́n ṣèlérí. Ìdí tí káfíńtà fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà nísàlẹ̀ nìyẹn nígbà tó o wọlé, tó gbé ayùn lé ẹsẹ̀, o rò pé ó ń sinmi ni? Ìwọ ló ń dúró dè.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìyá mi, àkọ́bí mi, gbé gbogbo ẹjọ́ tí mo rò yìí yẹ̀ wò. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó o yọ. Mo kàn mọ̀ pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọjọ́ Ajé. Tó o bá ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ dànù, màá lọ bá wọn jà níkọ̀ọ̀kan, màá gba ẹ̀bi ẹ̀. Tó o bá ní yàrá náà ò gbà ọ́... rárá, má tíì sọ ìyẹn. Wo yíká ná. Fi ara balẹ̀. Nawọ́ sí i. Èwo ni kó gé?

Ò ń nawọ́. Kì í ṣe òpó. Kì í ṣe ti bàbá rẹ, lẹ́yìn tó ti gbá ọ tó yẹn? Kì í ṣe ti fèrèsé. Dúró ná, níbo lò ń nawọ́ sí yẹn? Tèmi? Tèmi!

Èmi tí mo lóyún rẹ! Èmi tí mo wá káfíńtà! Gbogbo igi inú yàrá yìí pátá, ti ẹni tó wá dá àwo padà máa wà níbẹ̀, tèmi kékeré báyìí ni kí wọ́n gé? O rí mi fín ni, àbí nítorí o mọ̀ pé èmi ni mi ò ní bínú? Mò ń bínú o! Kí ló ṣe ọ́? Ó kéré, ó rẹwà, mo ní kó bó o dán, kí ló ṣe ọ́?

Kí lo wí? O ní tó o bá ń jí láràárọ̀, tó o dìde jókòó, ó máa gbá ọ lórí. Á gbá ọ lórí lóòótọ́, ó gbá èmi náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré tó o...

Tún un sọ. Tó o bá ń jí láràárọ̀. Láràárọ̀, kẹ̀? Wò mí lójú, ìwọ ọmọ yìí. Ẹni tó máa padà lọ́jọ́ Ajé, kí ló kàn án kan igi tó wà lókè ìrọ̀rí? Ẹni tó fẹ́ lọ, òpó ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó bínú sí! Ṣé o... má mi orí, igi pọ̀ níbí, fi ẹnu sọ ọ́. Ṣé ò ń gbé?

Ó ń gbé! Háà! Káfíńtà! Káfíńtà o, gbé ayùn bọ̀! Tèmi ni! Mo ní tèmi ni kó o wá gé, gé e, rún un wẹ́wẹ́, má bi mí léèrè ohunkóhun! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ mi o, ó ti ń ro mí. O jẹ́ kí n rojọ́ látẹ̀ẹ̀kan, o sì ti mọ ohun tó o fẹ́ ṣe, ọmọ burúkú, ọmọ dáadáa, sún mọ́ mi níbí.

Dákẹ́ ná. Ta ló ń fọn imú nísàlẹ̀ yẹn? Bàbá rẹ ni. Wọ́n ní eruku ló kó sí àwọn lójú. Wọ́n tún ń bèèrè pé kí lo sọ, àwọn ò gbọ́ dáadáa, kó o tún un sọ. Ìwọ dá wọn lóhùn, ọmọ mi. Èmi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.